Fítámì Inú Agolo Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà

Ìwé tí mo rà láti máa kọ ohun tí a fẹ́ rà sílé nìyí. Láti òní lọ, ó ti di ìwé ìjà.

Oṣù mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà tí olú iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa nílé àyẹ̀wò oúnjẹ ti wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí a faṣọ bò ó bí òkú. Fìlà Ọ̀gá ló ń jókòó lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì iṣẹ́ tí a kò tíì ṣírò ti ga dé èjìká mi, torí Ọ̀gá nìkan ló ń fa ìlà lórí ìwé gíráàfù, àwọn nìkan ló sì ń fi rúlà ka iye fítámì lára ìlà náà. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣí nǹkan yìí wò. Wọ́n ní ó mọ ìṣirò."

Wọ́n wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Ìyá Onígò, ìwọ tó jẹ́ pé ìgò fífọ̀ lo bá wọbí? Kọ̀ǹpútà kì í ṣe kànìnkànìn o."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti lò níbí. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi fọ ìgò, orúkọ náà kò sì kúrò lára mi. Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo gbé fìlà wọn, mo fi kọ́ sára ìṣó. Mo ká aṣọ kúrò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ìwé tó bá kọ̀ǹpútà wá le bí eegun. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni mo fi ń kà á. Lónìí mo kọ ètò mi àkọ́kọ́: mo ní kó kọ "ẹ káàárọ̀" sójú tẹlifíṣàn tí a so mọ́ ọn. Ó kọ ọ́. Ó tún kọ ọ́. Ó kọ ọ́ títí ojú tẹlifíṣàn fi kún, kò sì dúró. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lẹ́kun. Àfìgbà tí mo pa iná.

Jẹ́jẹ́ ní, "Ìyá Ìbejì, nǹkan yìí ní ẹ̀kọ́ ilé jù." Jẹ́jẹ́ ni à ń pe ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń fi iná wo túùbù. Ọmọ mẹ́rin ló bí, àmọ́ bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń sùn nítòsí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Òjò láti àárọ̀. Ọkọ mi kò rí bàtà kankan rán, ó jókòó tì mí ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn tí n kò fi gbọ́ nígbà tó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, gbọ́. Kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí. Bí kò bá rí fítámì B1 jẹ, kò lè dàgbà. A ó fi díẹ̀ lára oúnjẹ tí a fẹ́ yẹ̀ wò sínú túùbù, a ó fi kòkòrò yẹn sí i. Bí fítámì bá pọ̀, kòkòrò á pọ̀, omi túùbù á funfun bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Bí fítámì bá kéré, omi á mọ́ kedere."

"Ẹ wá ń fi ojú wò ó?"

"Ẹ̀rọ Jẹ́jẹ́ ló ń wò ó, ó ń fún wa ní nọ́ḿbà. A sì ní àwọn túùbù òdiwọ̀n tí àwa fúnra wa mọ iye tó wà nínú wọn. Àwọn là ń fi wé."

Ó ní, "Bí èmi náà ṣe ń fi ẹsẹ̀ tí mo ti mọ wọn ẹsẹ̀ tí n kò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an."

"Kí ló wá kan kọ̀ǹpútà níbẹ̀?"

"Torí ìlà tí Ọ̀gá ń fà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń fà á, òun náà ni wọ́n ń lò títí oṣù á fi parí. Kòkòrò kì í sì jẹun bákan náà lójoojúmọ́, bí èèyàn. Kọ̀ǹpútà lè fa ìlà tuntun lójoojúmọ́."

Màmá mi tó ń ṣa ẹ̀wà létí ilẹ̀kùn ní, "Ẹni tó fi ebi àná wọn oúnjẹ òní, yóò pa ẹnì kan." Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ètò mi ti di ìlà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń tẹ èyí tó kẹ́yìn, ààrá sán, iná lọ. Gbogbo rẹ̀ parẹ́. Ọ̀gá kọjá lẹ́yìn mi, wọ́n ń fi ẹnu fọn fèrè.

Mo jókòó, mo tún tẹ̀ ẹ́. Láti òní lọ, mo ń fi pẹ́ńsù kọ gbogbo ìlà sínú ìwé yìí kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n sì ń fi kásẹ́ẹ̀tì pa ètò mọ́. Èyí tó wà nínú àpò mi ni mo lò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Kásẹ́ẹ̀tì orin ọkọ mi ni. Ó fi sí rédíò ní àárọ̀ yìí, ohun tó jáde ń dún bí ìgbà tí ẹ̀fọn wọ agolo. N kò ní kọ ohun tó sọ síbí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo mú iṣẹ́ mẹ́wàá láti oṣù Kejì, ọjọ́ tí Ọ̀gá fa ìlà tuntun gan-an ni gbogbo wọn. Mo fi nọ́ḿbà wọn fún kọ̀ǹpútà. Mẹ́sàn-án bá ti Ọ̀gá mu rẹ́gí. Èyí tí kò bá a mu, èmi ni mo tẹ mẹ́fà sípò mẹ́sàn-án. Mo tún un tẹ̀. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá!

Mo fi han Ọ̀gá. Wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Èmi náà ni mo kọ́ ọ nígbà náà." Bí aláǹgbá bá jábọ́ láti orí igi, tí ẹnì kan kò yìn ín, yóò máa mi orí fúnra rẹ̀. Mo mi orí mi títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Páálí oúnjẹ kòkòrò tuntun dé, ti àtijọ́ ti tán. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Nọ́ọ̀sì àgbà láti ilé ìtọ́jú ọmọdé wọlé pẹ̀lú òjò lára. Nínú báàgì wọn, wọ́n yọ agolo ìyẹ̀fun ọmọdé mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ìyá ń pò fún ọmọ tí kò rí ọmú mu. Wọ́n ní, "Ọmọ méje ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ẹsẹ̀ wọn ń wú, ọkàn wọn ń sáré. Wọ́n ń sunkún, ẹ̀ ń rí i lójú wọn pé wọ́n ń sunkún, ohùn kò jáde. Ìyẹ̀fun yìí nìkan ni gbogbo wọn ń jẹ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá fítámì B1 wà nínú rẹ̀."

Ara agolo sọ pé ìwọ̀n ọgọ́ta ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Túùbù mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Jẹ́jẹ́ ń ka nọ́ḿbà, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá náà gba nọ́ḿbà tiwọn, wọ́n gbé rúlà lé ìlà tí wọ́n ti fà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù.

Ọ̀gá: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Kọ̀ǹpútà: méjìlélógún.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin. Méjìlélógún. Mo lọ wo àwọn túùbù òdiwọ̀n: gbogbo wọn funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Oúnjẹ tuntun yẹn dùn mọ́ kòkòrò. Gbogbo nǹkan ló dàgbà jù lánàá, tòdiwọ̀n tìyẹ̀fun, ìlà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Ọ̀gá. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ka ìlà. Tẹlifíṣàn kan kò ní wá kọ́ mi."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ìwé ẹ̀rí ti wà lórí tábìlì mi: ìyẹ̀fun pé, kò ní àléébù. Ọ̀gá ti fọwọ́ sí i. Ó ku ìfọwọ́sí kejì, tèmi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. N kò lè fọwọ́ sí i."

"O ò lè kẹ̀?"

"N kò ní fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá ti ìwé náà sún mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo lè dá ọ padà sídìí ìgò?"

Mo ní, "Ẹ dá mi padà, sà. Ìgò tí mo bá fọ̀ yóò mọ́. Ìwé yìí kò mọ́."

Mo fa fáìlì mìíràn sọ́dọ̀, mo ń bá iṣẹ́ lọ. 

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Kò sẹ́ni tó bá mi jẹun lónìí. Mo jẹun yó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ burúkú. N óò kọ ọ́ bó ṣe rí.

Aṣojú iléeṣẹ́ oníyẹ̀fun wá. Bàtà rẹ̀ ń dán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dán. Ọ̀gá ní kí n wá fi kọ̀ǹpútà mi hàn án. Mo fi hàn án, kò bínú, ó ń mi orí. Ó wá nawọ́ sí túùbù òfo, èyí tí a kò fi nǹkan kan sí àfi omi, oúnjẹ kòkòrò àti kòkòrò fúnra rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó sọ iye fítámì tó wà nínú èyí."

Mo tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́jọ.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ìyá Onígò ti rí fítámì nínú omi lásán o! Ẹ lọ sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, kí wọ́n yéé ra ìyẹ̀fun, kí wọ́n lọ pọnmi!" Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Aṣojú ní òun yóò retí ìwé ẹ̀rí òun lọ́jọ́ Ajé.

Mo sunkún nínú yàrá ìwọnǹkan. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo wo aago.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo rí i!

Ìlà kẹrìnlá ètò mi ni. Oúnjẹ tuntun tó pọ́n yẹn, ó máa ń ṣú omi díẹ̀ fúnra rẹ̀ kí fítámì kankan tó dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ Jẹ́jẹ́ sì ń kà á bí ẹni pé kòkòrò ló pọ̀. Ìyẹn ni mẹ́jọ náà. Ó yẹ kí n yọ ọ́ kúrò lára gbogbo túùbù. Mo yọ ọ́ kúrò lára àwọn òdiwọ̀n, mo gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò lára ti ìyẹ̀fun. Oúnjẹ àtijọ́ mọ́ kedere, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe náà kò fi yọjú nígbà tí mo dán iṣẹ́ mẹ́wàá wò.

Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Kò sí tàbí-ṣùgbọ́n. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àṣìṣe mi ṣe: ó bu mẹ́jọ kún ìyẹ̀fun wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe méjìlélógún ló wà níbẹ̀. Mẹ́rìnlá ni. Mẹ́rìnlá nínú ọgọ́ta!

Mo sáré lọ tún ìlà náà ṣe. Kọ̀ǹpútà kò tàn. Ọ̀gá ti fa wáyà rẹ̀ yọ, wọ́n ti tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ó ti sinmi. Ìwọ náà lọ sinmi."

Ṣé wáyà ló ń ṣírò ni?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ọgbọ̀n

Àná àti òní, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa. Gbogbo ètò náà wà nínú ìwé yìí. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe, mo ń fi pẹ́ńsù ṣe é, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Ọkọ mi ń ka nọ́ḿbà túùbù sókè, mo ń yọ, mo ń pín, mo ń sọ ìdáhùn, ó ń kọ ọ́. Màmá ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kí èèyàn tó mí, ọjọ́ méjì gbáko ni.

Ní ọ̀sán òní, ọkọ mi ju pẹ́ńsù sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, bí ó bá jẹ́ pé Ọ̀gá yín ló tọ̀nà ńkọ́?"

Mo ní, "Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìṣirò yìí yóò sọ ọ́, n óò sì lọ dọ̀bálẹ̀."

"Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀."

"N óò dọ̀bálẹ̀."

Ó mú pẹ́ńsù rẹ̀ padà.

Mẹ́rìnlá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní, oṣù Keje

Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé méjì. Èkíní: àṣìṣe mi, bó ṣe ṣẹlẹ̀, nọ́ḿbà tí mo kọ́kọ́ sọ. Èkejì: àtúnṣe, pẹ̀lú gbogbo ìṣirò ọwọ́. Mo gbé e síwájú Ọ̀gá kí aṣojú tó dé.

Wọ́n kà á títí. "O fẹnu ara rẹ sọ pé o ṣàṣìṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo sọ ibi tó wà. Ìlà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ta ni yóò sọ tiẹ̀?"

 Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i. Níbẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ dìde. Ó ń làágùn bí ẹni tó sá eré. Ó ní, "Mo tún gbogbo túùbù náà ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, sà. Mo ka wọn láàárọ̀ Àbámẹ́ta. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wá fi wọ́n wé àwọn òdiwọ̀n ọjọ́ náà." Ó fi bébà kékeré kan lélẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí ìwé mi, ó padà lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Lórí bébà yẹn: mẹ́tàlá ààbọ̀.

Aṣojú dé, ó padà lọ lọ́wọ́ òfo. Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́. Èkejì, ẹsẹ̀ mi ni mo fi gbé e lọ bá Nọ́ọ̀sì, nínú òjò. Àwọn ló ni agolo. Àwọn ló ni èsì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ìwé ìbéèrè dé láti ọ̀dọ̀ Ọ̀gá: kí ló dé tí mo fi gbé èsì jáde láìgba àṣẹ? Mo fèsì pẹ̀lú ìlà kan: "Nítorí àwọn ọmọ náà kò lè dúró de àṣẹ."

Ata ti wọ́n. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi lóṣù yìí. Màmá ní a ti jẹ oúnjẹ tí kò láta rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Fóònù dún, Nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ti gba ìyẹ̀fun yẹn kúrò lọ́wọ́ gbogbo ìyá, wọ́n ti ń fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ B1. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́," wọ́n sì gbé fóònù síbì kan. Ariwo tí mo gbọ́! Ọmọ kan ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Mẹ́fà ti ń gbádùn. Èkeje ti kú lóṣù tó kọjá, kí n tó kó túùbù kankan jáde. Obìnrin ni. N kò ní ohun tí mo lè kọ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Olú iléeṣẹ́ tún ìyẹ̀fun náà yẹ̀ wò nílé àyẹ̀wò mìíràn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní kí iléeṣẹ́ oníyẹ̀fun kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Wọ́n ní kí a dẹ́kun lílo ìlà oṣù.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, Ọ̀gá wá sídìí tábìlì mi. Wáyà wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, fáìlì ogbó kan wà lábẹ́ apá òsì. Wọn kò jókòó. "Ọgbọ̀n iṣẹ́ ló wà nínú èyí. Gbogbo rẹ̀ ni mo fọwọ́ mi kà. Fi í sínú nǹkan yẹn." Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Mo fẹ́ mọ iye ènìyàn tí mo ti parọ́ fún."

Inú ìjà ni mo ti wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ fún wọn jọ bí igi ìdáná.  Mo fa àga fún wọn. Wọ́n ń ka nọ́ḿbà, mo ń tẹ̀ ẹ́. Méjìdínlọ́gbọ̀n tọ̀nà. Méjì kò tọ̀nà. Oyin kan àti wàrà àgbàlagbà kan. A kọ lẹ́tà lórí méjèèjì kí àwọn yòókù tó dé. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Iléeṣẹ́ oníyẹ̀fun ti po ìyẹ̀fun mìíràn. Nọ́ọ̀sì ló gbé agolo wá, wọ́n sì jókòó tì mí títí èsì fi jáde lónìí. Gbogbo àtúnṣe wà nínú ètò: òdiwọ̀n ọjọ́ náà, túùbù òfo, gbogbo rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ka tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ó jẹ́ kí wọ́n tún tà á."

"Ó pé, Nọ́ọ̀sì."

"Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn fún ìyá rẹ̀! Ẹ kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Mo ní, "Èmi. Bí mo bá lè kọ ohun tó wù mí lónìí, ohun tí mo kọ lóṣù tó kọjá ti di irọ́ nìyẹn. Wọ́n á ní ṣebí ohun tó wù ú ló máa ń kọ."

Wọ́n bínú, wọ́n kó báàgì wọn, wọn kò kí mi pé ó dàbọ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Èmi náà kò fẹ́ràn iléeṣẹ́ yẹn, n kò sì ní ra agolo wọn wọlé mi láéláé.

Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun pé. Mo fọwọ́ sí i, mo sì tẹ bírò náà mọ́ ọn débi pé orúkọ mi hàn lẹ́yìn ìwé.